Ẹ̀sùn Lórí Owó Wíwa Bàálù Lórí Ilẹ̀

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Awakọ̀ Òfurufú,
Ìpínlẹ̀ Texas, Amẹ́ríkà.

Alàgbà,

Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹ̀sùn mi tó yín létí nípa owó tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ìṣẹ́jú tí bàálù fi ń rìn lórí ilẹ̀ kí ó tó gbéra àti lẹ́yìn tó bá balẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹ sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Òfin FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú, fúnra rẹ̀ ka àkókò ìfò láti ìgbà tí bàálù bá ti fi agbára ara rẹ̀ rìn láti lọ fò, ìpín 61.87 nínú òfin náà sì ní akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dá fò láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́ ọ ní wíwà á lórí ilẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni, mo sì ṣe tán láti sanwó rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ gbowó, ẹ kò kọ́ mi.

Mítà tí ẹ fi ń ṣírò owó wa nínú bàálù kékeré Cessna 172 yín ti ń kà gbàrà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tan. Ọkọ̀ kì í sì í wọ́n ní pápákọ̀ wa. A lè tò sẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn pẹ́ kí àwọn tó wà nínú ilé ìdarí tó fún wa láyè, tí owó ọkọ̀ àti owó olùkọ́ á sì máa gorí ara wọn. Nínú gbogbo àkókò yìí, olùkọ́ tí ẹ yàn fún mi ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ darí ọkọ̀, òun náà ló ń dá ilé ìdarí lóhùn, tí a bá sì dúró, fóònù rẹ̀ ló ń tẹ̀. Èmi a káwọ́ gbera, mà á máa wo mítà. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wà á, èsì rẹ̀ ni pé òkè ni ẹ̀kọ́ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà rárá. Ẹni tó ti mọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà máa ń yí ọwọ́ ìdarí bí ẹni ń yí sítíárì, bàálù kò sì ní yà, nítorí pé ẹsẹ̀ la fi ń darí táyà iwájú rẹ̀. Ọwọ́ ìdarí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: bí atẹ́gùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ iwájú bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó yí i sí, bó bá ń gba ẹ̀yìn bọ̀, a ó yí i kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, a ó sì tì í síwájú, kí atẹ́gùn má baà gbé apá ọkọ̀ sókè. Mímọ ojú ọ̀nà tí a wà wá ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní erékùṣù Tenerife, ní orílẹ̀-èdè Spain, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bàálù ńlá kan ti ń sáré láti gbéra nígbà tí èkejì ṣì ń rìn lójú ọ̀nà kan náà nínú kùrukùru, ènìyàn 583 sì kú. Ní Lexington, ìpínlẹ̀ Kentucky, ní ọdún 2006, àwọn awakọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Comair gba ojú ọ̀nà tó kúrú jù láti gbéra, ènìyàn 49 ló bá a lọ. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Àgbàlagbà olùkọ́ yín kan tó dípò ẹni tèmi nígbà kan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ó ní kí n tẹ́ máàpù pápákọ̀ sórí itan, kí n sì máa sọ ibi tí a ó yà sí kí a tó débẹ̀. Owó ọjọ́ náà kò dùn mí.

Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí ẹ dá owó olùkọ́ padà fún mi lórí gbogbo àkókò tí n kò fọwọ́ kan nǹkan lórí ilẹ̀, kí ẹ yan olùkọ́ mìíràn fún mi, kí ẹ sì fi wíwa bàálù lórí ilẹ̀ sínú ètò ẹ̀kọ́, pàápàá ní ọjọ́ tí atẹ́gùn bá le díẹ̀. N kò ní san owó tó kàn títí ẹ ó fi kọ̀wé dá mi lóhùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ yín.