Ṣé wọ́n rí ọmọ náà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ojú ìwé tí ẹ fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí tí fẹ́ńdọ̀ bá ti gbé ìwé ìròyìn yín dé, kì í sì í ṣe nítorí tèmi nìkan. Màmá mi ti dàgbà, wọn kò ríran kàwé mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìwé bá dé, èmi ni mo máa ń kà á sí wọn létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn a sì máa dá yín lóhùn bí ẹni pé ẹ jókòó tì wá.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ pé ọmọbìnrin kékeré kan sọnù ní gáréèjì. Ẹ sọ irú aṣọ tó wọ̀, ẹ sì sọ pé bàtà rẹ̀ kan ti já. Màmá mi ní kí n tún ibẹ̀ kà. Wọ́n gbàdúrà fún ọmọ náà kí wọ́n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ìwé ọ̀sẹ̀ kejì dé, n kò tíì ṣí i tí wọ́n fi bi mí pé, “Ṣé wọ́n rí ọmọ náà?” Mo yẹ gbogbo ojú ìwé wò, n kò rí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n tún bèèrè. Títí di òní, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í bi mí léèrè ọmọ yẹn, n kò sì ní èsì.

Ohun tí mo fẹ́ fi bẹ̀ yín nìyí, Olóòtú: ẹ máa padà sórí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ọmọ kan ṣoṣo. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 tí ìbúgbàù wáyé ní Bódìjà níbí ní Ìbàdàn, àwa tí a jìnnà síbẹ̀ gan-an rò pé ẹ̀yìnkùlé wa ló ti dún. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ fún ìlú pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan. Àwòrán ilé tó wó kún ojú ìwé ìròyìn nígbà náà. Àwọn tó ń gbé inú ilé wọ̀nyẹn ńkọ́, níbo ni wọ́n wà báyìí? Ta ló ń ṣọ́ ọ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ má tún wọ àárín ìlú? Bí ẹ bá lè rán akọ̀ròyìn kan péré lọ sí àdúgbò náà ní ọdọọdún, kó rìn ín, kó bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó tó.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024 kan náà, èrò tẹ àwọn ọmọdé 35 pa ní Baṣọ̀run, níbi tí wọ́n ti wá gba ẹ̀bùn ọdún. N kò lè kọ púpọ̀ lórí èyí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ bí àwọn òbí wọn ṣe ń ṣe.

Màmá mi rí omi Ògùnpa ọdún 1980. Omíyalé ni wọ́n ń pè é títí di òní, wọ́n sì lè dárúkọ àwọn tó bá omi lọ ní àdúgbò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ìlú kò fi gbàgbé rẹ̀ ni pé àwọn tó là á já kò yé sọ ọ́. Ti ọdún 2011 náà pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yá dọ́là mílíọ̀nù 200 lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti fi dènà àgbàrá ní Ìbàdàn. Ẹ bá wa dé etí odò wọ̀nyẹn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ pé ìgbà tí omi bá wọlé la ó tún máa rí yín.

Mo mọ̀ pé ìròyìn tuntun kì í tán, bébà sì ti wọ́n. Ìlà mẹ́ta péré ti tó fún ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹ bá tilẹ̀ kọ ọ́ pé “wọn kò tíì rí i,” ìròyìn ni ìyẹn náà, ẹni tó yẹ kó máa wá a yóò mọ̀ pé ojú wà lára òun. Òfin ọdún 2011 sì ti wà tó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba dá ẹni tó bá bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lóhùn láàrin ọjọ́ 7. Ẹ lò ó. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn láti bèèrè ọ̀rọ̀ owó náà, kí ẹ tẹ ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ jáde, pẹ̀lú èsì tí wọ́n fún yín. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ tẹ ìyẹn náà jáde.

Láti 1859 tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá ní Abẹ́òkúta ni àwọn ènìyàn wa ti ń ka ìròyìn ní èdè wọn. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè wá ìyókù ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Màmá mi kò ní ẹlòmíràn yàtọ̀ sí yín.

Ìwé yín á tún dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìyá ọmọ náà lọ. Ohun tó bá sọ, ẹ kọ ọ́ fún wa, bó tilẹ̀ jẹ́ ohun tí a kò fẹ́ gbọ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Ìbàdàn