Àbẹ̀kẹ́, ta ló dáhùn àwọn ìbéèrè yẹn?

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo pè ọ́ títí lọ́sẹ̀ tó kọjá, o kò gbé e. Ọmọ ìyá aláta ìdí ilé wa, tí ẹ jọ wà ní Ìbàdàn, ló sọ fún mi pé o ti kó fọ́ọ̀mù ìwádìí rẹ fún olùkọ́ rẹ. Fọ́ọ̀mù wo? Ọmọdé àti àgbà Abẹ́òkúta lo ní o fẹ́ bi léèrè bí wọ́n ṣe ń kàwé sí. Láti ìgbà tí mo ti fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, n kò rí ẹsẹ̀ rẹ ní Aké, n kò rí i ní Ìtòkú. Ta ló dáhùn àwọn ìbéèrè yẹn?

Ara bàbá rẹ ti yá. Wọ́n ti tún páànù ẹ̀yìnkùlé ṣe.

Mi ò ní o ṣe é o. Mo mọ̀ pé o ń ṣiṣẹ́ kára, mo sì mọ̀ pé ebi máa ń pa ọ́ tí o kì í sọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ inú yàrá lẹ jókòó sí, tí ẹ ń fi bírò oríṣiríṣi dáhùn fún ẹni tí ẹ kò rí, ó burú. Ìlú yìí ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde lọ́dún 1859, tí wọ́n ń tà á ní owó ẹyọ 120, nítorí ó fẹ́ kó mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa wá ìmọ̀ nínú ìwé kíkà. Bóyá ó mọ́ wa lára, bóyá kò mọ́ wa lára, o kò lè mọ̀ ọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì.

Tí o bá dé, má bi àgbàlagbà pé ṣé ó máa ń kàwé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò wí, nítorí ojú ń tì í. Bi í pé ìwé wo ló kà kẹ́yìn, kí ló wà nínú rẹ̀, ibo ló ti rí i. Ìyá aládìrẹ tó ń ka Bíbélì Yorùbá kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù lè ní òun kì í kàwé. Kọ tirẹ̀ náà sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ńkọ́? Ìwé tí wọn ò rí rí ni kí o fún wọn. Ọmọ tó ti há ìwé kíláàsì rẹ̀ sórí yóò kà á já bí o bá tilẹ̀ dojú ìwé náà dé.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti ìwé ìtàn mọ́ kí àwọn ọmọ má baà dọ̀tí rẹ̀. Bí àwọn alábẹ̀wò bá ń bọ̀, mo á kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo wọn ti kà á. Lójú àwọn alábẹ̀wò, kò sí ìṣòro, torí náà kò sẹ́ni tó wá ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́. Mo ń rí àwọn kan nínú wọn ní Kútọ̀ títí dòní. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n á sì na fóònù sí mi pé kí n bá àwọn ka ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́.

Bó bá jẹ́ ìwọ lo dáhùn wọn, lọ bá olùkọ́ rẹ fúnra rẹ, kí o bẹ̀ ẹ́ kó fún ọ láyè. Bí wọ́n bá ní kí o tún ọdún kan lò, a ó wá owó rẹ̀. Bó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọ, pè mí lálẹ́ òní kí n lè sùn.

Wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti bá àwọn ìyá ọjà Ìtòkú sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn yóò dá ọ lóhùn. Mú kúlà oúnjẹ mi dání bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.