Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Nípa Ohùn Rẹ̀ Tó Há

Kétu

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ kí ọ, gbogbo ilé sì wà ní àlàáfíà. Nígbà tí o pè lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló mú fóònù rẹ, nítorí ohùn tí mo gbọ́ há, ó sì ń já láàárín ọ̀rọ̀. O ní ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 5, pé eruku ọyẹ́ àti ariwo kíláàsì rẹ ní Àjàṣẹ́ ló fà á, àti pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn fún odidi ọdún 2 nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, kí wọ́n tó gbé mi lọ sí Kútọnu.

Dókítà fi yé mi pé awẹ́ ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà nínú gògóńgò, tí à ń pè ní tán-án-ná. Bí èémí bá ti ń gba àárín wọn kọjá ni wọ́n ń gbọ̀n, tí wọ́n sì ń lura wọn, nǹkan bí ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń pariwo lójoojúmọ́ kí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́, ńṣe ló ń lù wọ́n ní ìlùkulù títí kókó yóò fi yọ sí wọn létí, bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ṣe ń yi níbi tí èrúkọ́ ti ń kàn án. Irú kókó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá lára tèmi. Ṣùgbọ́n omi kíkan tó ń ru láti inú ikùn wá sí ọ̀fun lóru lè fa ohùn híhá, sìgá ń fà á, iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ lè ṣe iṣan tó ń darí tán-án-ná léṣe, jẹjẹrẹ gògóńgò pàápàá sì sábà máa ń fi ohùn híhá bẹ̀rẹ̀. A kì í méfò rẹ̀.

Ní ọdún 2 yẹn, bí mo bá ń pe zémìjàn, ọlọ́kadà tó ń gbé èrò, létí títì, wọ́n ń kọjá lọ ni. Àwọn tí mo kí lọ́jà tí wọn kò gbọ́ mi sọ pé mo ti ń gbéraga. Mo dẹ́kun lílọ sí ìpàdé ẹbí, nítorí kí n tó rí ohùn fi sọ tẹnu mi, ọ̀rọ̀ ti parí. Èyí tó dùn mí jù ni àárọ̀ ọjọ́ tí o ń lọ ilé ọkọ. O kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé ọ lórí, mo la ẹnu láti kì ọ́, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ìyá rẹ ló gbà á kì títí dé òpin. O rò pé ẹkún ló dí mi lọ́fun. Ohùn ni kò sí.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá. Wá dókítà etí, imú àti ọ̀fun, tí wọ́n ń pè ní ORL, kí ó fi ẹ̀rọ wo tán-án-ná rẹ, nítorí ohùn tó bá há ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ kúrò ní ohun tí à ń fi orógbó àti oyin wò. Bí ó bá jẹ́ kókó, tí a sì tètè rí i, ìsinmi àti kíkọ́ bí a ṣe ń lo ohùn lè mú un lọ láìsí iṣẹ́ abẹ. Títí dìgbà náà, máa mu omi dáadáa, máa fi agogo pe àwọn ọmọ náà sí ìjókòó, má sì rò pé sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni ìsinmi, ó ń ni ohùn lára ni.

Mo ti fi owó àyẹ̀wò rán ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí o bá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, kọ ohun tó sọ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Má pè mí.

Èmi ni bàbá rẹ.