Àbẹ̀kẹ́, wò ó ná kó o tó fọwọ́ kàn án

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà dáadáa ní Kubwa níbí, ooru ló kàn ń dà wá láàmú, iná ò sì dúró. Látìgbà tó o ti fi fóònù mètírọ́ọ̀nù yín pè mí ní Sọ́ńdè ni ohùn ẹ ò ti kúrò létí mi, o ní ọmọkùnrin SS1 kan nà ẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló gbé ọmọ orí bọ́ọ̀dù tó fi parí, gbogbo àwọn tó dúró ń wòran bú sẹ́rìn-ín, o wá ní o ò ṣe mọ́, pé ọpọlọ ẹ ò gbé e. Mi ò lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi lórí fóònù onífóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ọpọlọ ẹ gbé e dáadáa. Ohun tó fi nà ẹ́ yẹn, ó ṣòro kó o rí ẹni tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì tí wọn ò tíì fi nà rí, wọ́n fi na èmi náà.

Bó o ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ni mo ṣe tò ó sórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ yẹn (lẹ́tà a dé h àti nọ́ńbà 1 dé 8 ni mo fi ń pe ilé kọ̀ọ̀kan lórí bọ́ọ̀dù). Ó gbé pọ́ọ̀nù, ọmọ kékeré iwájú ọba ẹ̀, sí e4, ìwọ náà gbé tìẹ sí e5, ó dáa. Ó gbé bíṣọ́ọ̀bù sí c4, o fò ẹṣin sí c6 láti ṣọ́ pọ́ọ̀nù ẹ, ìyẹn náà dáa, mi ò rí àléébù kankan níbẹ̀. Ló bá gbé ayaba jáde dé h5. Ìwọ wá rí ayaba ní ìta gbangba, inú ẹ dùn, o fò ẹṣin kejì sí f6 kó o lè lé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn o. Ayaba lò ń wò, o ò wo ohun tí ayaba ń wò. f7 ló ń wò. Tún bọ́ọ̀dù tò kó o wo f7 yẹn dáadáa: pọ́ọ̀nù tó jókòó síbẹ̀, ọba nìkan ló ń ṣọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀ géèmù, kò sẹ́lòmíì. Bíṣọ́ọ̀bù tó wà ní c4 sì ti ń wo ilé kan náà láti òkèèrè. Bí ayaba ṣe já wọlé jẹ ẹ́ báyìí, ọba ẹ ò lè jẹ ayaba torí bíṣọ́ọ̀bù ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀, kò sì ríbi sá sí, ó parí.

Tó bá jẹ́ pé pọ́ọ̀nù g lo gbé sí g6, o ti dí i lójú ọ̀nà nìyẹn, o sì ti tún lé e. Tó bá sá lọ sí f3 tó tún ń wo f7 yẹn, ìgbà yẹn gan-an ni kó o wá fò ẹṣin sí f6. Ṣó o rí i? Ẹṣin kan náà, ilé kan náà, àsìkò ni ò tíì tó nígbà tó o gbé e.

Kàdúná ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí èmi náà wà ní girama, lọ́dọ̀ bàbá Hausa kan tó ń tún aago ṣe nítòsí stéṣọ̀n rélùwéè. Bọ́ọ̀dù wọn máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì aago, tí kò bá ti sí kọ́sítọ́mà, wọ́n á ní kí n wá jókòó. Bí mo bá ṣe na ọwọ́ báyìí láti gbé ọmọ, wọ́n á di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n á ní “ka duba tukuna”, ìyẹn ni pé wò ó ná. (Ìwọ tó o jẹ́ obìnrin, “ki duba tukuna” ni wọn ì bá wí fún ẹ.) Ó máa ń bí mi nínú gan-an nígbà yẹn. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wo ọmọ tí ẹnì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, kí n bi ara mi pé kí ló ń wá níbẹ̀, èwo nínú ọmọ mi ló fẹ́ jẹ, ilé wo ló fi sílẹ̀ láìṣọ́, kí n tó ronú tèmi rárá. Níbi ìdíje, tó o bá ti mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kan ọmọ ẹ, dandan ni kó o gbé e tó bá ti ríbi lọ, kò sí ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú níbẹ̀. Nítorí náà tó bá kan ẹ láti ta, fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, kó o fi ojú ta á tán kí ọwọ́ tó jáde. Mo ṣì ń ṣe é títí dòní.

Ṣebí o mọ nǹkan yìí nínú ayò. Nígbà tí màmá mi ń kọ́ ẹ ní Ọ̀fà, ọmọ méjìdínláàádọ́ta nínú ilé méjìlá, o kì í kó ọmọ láìkọ́kọ́ kà á dé ibi tó máa parí sí. Ọ̀pẹ̀ ni ẹ́ nígbà yẹn náà, o sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, mo rántí, ṣùgbọ́n nígbà tó o fi máa bọ̀ láti hólídè, ta ló tún fẹ́ bá ẹ ta nínú kóńpáǹdì wa?

Ó dáa. Nípa bí wọ́n ṣe ń tò ó, ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, kí ilé funfun wà lápá ọ̀tún ẹ nísàlẹ̀, ayaba á jókòó sí ilé tó bá àwọ̀ ẹ̀ mu, funfun sórí funfun, dúdú sórí dúdú. Rúùkù ń lọ tààrà, bíṣọ́ọ̀bù ń lọ láti igun sí igun, ayaba ń ṣe méjèèjì, ẹṣin nìkan ló lè fò kọjá orí ẹlòmíì. Ìyẹn o ti mọ̀. Èyí tí mo fẹ́ kó o há sórí ni iye wọn, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti ń pàdánù: tí pọ́ọ̀nù bá jẹ́ 1, ẹṣin jẹ́ 3, bíṣọ́ọ̀bù 3, rúùkù 5, ayaba 9. Má fi rúùkù gba bíṣọ́ọ̀bù kó o máa yọ̀ pé o jẹ nǹkan, o ti jẹ gbèsè 2 nìyẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, pọ́ọ̀nù kan tàbí méjì sí àárín, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jáde, kó o tètè gbé ọba wọlé. Ọba á sún ilé méjì sápá rúùkù, rúùkù á fò kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà lo ṣe méjèèjì. Àmọ́ àwọn méjèèjì ò gbọ́dọ̀ tíì kúrò níbi tí wọ́n wà látìbẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí ọmọ kankan láàárín wọn, ọba ò gbọ́dọ̀ wà nínú ṣẹ́ẹ̀kì (ìyẹn ni pé kí ọmọ ọ̀tá máa halẹ̀ láti jẹ ẹ́), kò sì gbọdọ̀ gba ilé tí ọ̀tá ń ṣọ́ kọjá tàbí dúró síbẹ̀. Ayaba ẹ ńkọ́? Jẹ́ kó dúró ná. Ọmọkùnrin yẹn gbé tiẹ̀ jáde ní kíá, ó rí ẹ mú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kàn máa lé e kiri ni, á sì máa fi ìyẹn kó àwọn ọmọ tiẹ̀ jáde.

Ohun kan tó dùn mí títí dòní ni mo fẹ́ sọ fún ẹ kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹ. Lọ́jọ́ kan mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ na bàbá tó ń tún aago ṣe yẹn, ó ku ọba wọn nìkan ní kọ̀rọ̀ a8, èmi ní ọba àti ayaba, mo ti ń wo ojú àwọn tó dúró. Mo gbé ayaba sí c7. Bàbá ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wò mí. a7, b7, b8, ayaba mi ti gba gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan ọba fúnra ẹ̀. Ọba ò sí nínú ṣẹ́ẹ̀kì, kò sì ríbi lọ, ọ̀mì ni wọ́n ń pe ìyẹn, kò sẹ́ni tó jẹ. Tí ọba bá ti dá wà ní kọ̀rọ̀, tí ọba tìẹ sì ṣì jìnnà, má gbé ayaba síbi tí ẹṣin lè ti fò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, bíi c7 sí a8 yẹn. Ọba àti ayaba sí ọba kan, tò ó lálaalẹ́ kó o máa fi kọ́ ara ẹ, kí ọwọ́ ẹ lè mọ̀ ọ́n.

Tún jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ torí ọmọbìnrin ni ẹ́. Láti Íńdíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó dé Páṣíà, lẹ́yìn náà àwọn Lárúbáwá gbé e káàkiri, kó tó dé Yúróòpù. Ní gbogbo ìgbà yẹn mínísítà ọba ló wà níbi tí ayaba wà lónìí, ilé kan péré ló sì lè rìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1500 pé ní Yúróòpù ni wọ́n fún ayaba ní agbára tó ní báyìí, òun ló wá lágbára jù lórí bọ́ọ̀dù. O sì mọ Túndé Ọnàkọ̀yà tó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún ọgọ́ta wákàtí ní Times Square ní New York lóṣù kẹrin ọdún 2024, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú ló ti kọ́ ọ.

Mo ra bọ́ọ̀dù kan fún ẹ ní Wuse Market, èyí tí wọ́n lè ká bí ẹní, ọmọ ẹ̀ jẹ́ rọ́bà, mo fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Mìnnà. Èmi náà ti to tèmi sórí fìríìjì tí ẹ̀gbọ́n ẹ ò ti ní dà á rú. Èmi ló mú funfun, e4 ni mo gbé. Kọ tìẹ sí ìwé kó o fi ránṣẹ́, má kánjú, ọ̀sẹ̀ kan kò pọ̀ jù.

Mọ́mì ẹ kí ẹ o. Gàrí, kúlíkúlí àti mílíìkì wà nínú báàgì kan náà, bọ́ọ̀dù wà lábẹ́ ẹ̀, má jẹ́ kí gàrí dà sí i.

Èmi ni,
Dádì ẹ