Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọlọ́sìn Màlúù àti Oníwàrà: Ẹ Yẹ Oúnjẹ Ẹran Wò Kí Májèlé Tó Dénú Wàrà

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀,
Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìlera àti Ọ̀gá Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọ̀gbìn.

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Àwa tí a kọ ìwé yìí ni a ń sin màlúù, tí a ń fún wàrà, tí a ń gbé e lọ sí ibi ìkówàrà, tí àwọn kan nínú wa sì ń tà á fún ará ìlú. Ọ̀rọ̀ májèlé inú wàrà ló gbé wa wá síwájú yín. A kò wá sọ pé kò sí i. Ó lè wọ wàrà ẹnikẹ́ni nínú wa, àwọn ọmọdé tí a kò fẹ́ kí nǹkan ṣe ló sì ń mu wàrà jù. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ níbi tí májèlé náà ti ń wá, ìyẹn nínú oúnjẹ tí a ń rà fún màlúù.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí àgbàdo, ẹ̀pà tàbí kóró òwú bá bu, irú kan wà nínú ohun tó ń hù sí i lára, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aspergillus flavus, tó máa ń tu májèlé aflatoxin sínú rẹ̀. Bí màlúù bá jẹ ẹ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò sọ aflatoxin B1, irú èyí tó wà nínú oúnjẹ náà, di irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní aflatoxin M1, èyí yóò sì bá wàrà jáde. Láàárín ọjọ́ kan, ó ti hàn. Nínú aflatoxin B1 tí màlúù jẹ, nǹkan bí ìdá 1 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dé inú wàrà, èyí tó ń mú wàrà wá dáadáa nínú agbo ló sì ń gbé e jáde jù. Ẹnikẹ́ni má fojú kéré rẹ̀: àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti ka aflatoxin, títí kan M1, mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń bá jà.

Wàrà tó ní i kò yàtọ̀ lójú. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí, kì í kan, kì í rùn. Ìyá tó sè é kó tó fún ọmọ rẹ̀ gbà pé òun ti ṣe ohun tó yẹ, bẹ́ẹ̀ iná kò pa á. Ooru tí ilé iṣẹ́ fi ń pa kòkòrò inú wàrà kò mú un kúrò. Bí a bá sì sọ wàrà náà di wàràkàṣì, ara ohun tó dì ni májèlé ń lẹ̀ mọ́, tí yóò fi pọ̀ nínú kílò wàràkàṣì kan ju bó ṣe wà nínú kílò wàrà kan lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a fi wàrà tí kò yege ṣe wàràkàṣì kò gbà wá nímọ̀ràn rere.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ tí wọ́n fi èérún ẹ̀pà láti Brazil pò ló sì fà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ aflatoxin. Nígbà tó fi di 1963, wọ́n ti rí i pé màlúù tó bá jẹ irú ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ a máa gbé májèlé sínú wàrà. Láìpẹ́ yìí náà, ọ̀dá mú àgbàdo ní orílẹ̀-èdè Serbia ní 2012, májèlé yìí wọ inú rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ 2013 sì ni wọ́n bá aflatoxin M1 nínú wàrà lórí àtẹ. Ìjọba ibẹ̀ gbé òpin tí òfin fi sí i sókè, láti máíkírógíráàmù (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan) 0.05 nínú kílò wàrà kan sí 0.5. Lóòótọ́, 0.5 ni Codex, àjọ ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fọwọ́ sí, 0.05 ni ti Yúróòpù, 0.025 sì ni fún wàrà ọmọ ọwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó gbọ́ pé wọ́n yí òpin padà nígbà tí wàrà kò yege, báwo ni yóò ṣe tún gba ẹnikẹ́ni gbọ́? A kò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé òpin kankan sókè nítorí tiwa.

Oúnjẹ ẹran lílọ̀ gan-an ló ń kó wa sí wàhálà. Ẹni tó ra àgbàdo odindi ṣì lè gbìyànjú. Á ti ọwọ́ bọ àárín àpò títí dé ìgúnpá. Bó bá gbóná níbẹ̀, tó sì rin, ó mọ̀ pé nǹkan ti ń hù. Á da díẹ̀ sílẹ̀, á ṣa èyí tó dúdú àti èyí tí nǹkan bí eruku àwọ̀ ewé lẹ̀ mọ́ kúrò. Bí a bá ti lọ̀ ọ́, ọ̀nà ti dí. Àgbàdo tí ènìyàn kọ̀ ní rírà ti lè wà nínú rẹ̀, ojú kò sì lè rí i mọ́. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n pò ó lára àpò, kò sí èsì àyẹ̀wò. Ẹni tó tà á ti gba owó rẹ̀ lọ. Ọlọ́sìn ni yóò da wàrà nù.

A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó di dandan fún ẹni tó ń lọ oúnjẹ ẹran tà láti yẹ èyí tó bá pò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí ó kọ ọjọ́ tó pò ó àti èsì àyẹ̀wò rẹ̀ sára àpò. Ẹ fi ẹ̀rọ tí a fi ń wọn omi inú àgbàdo sí ibi tí gbogbo wa ti lè lò ó, kí àgbàdo tí omi rẹ̀ ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ má wọ àká. Àká náà ń fẹ́ pákó lábẹ́ àpò àti òrùlé tí kì í jò, èyí tí àwa fúnra wa lè dáwó sí.

Ní ibi ìkówàrà, a fẹ́ kí wọ́n yẹ wàrà olúkúlùkù wò kí wọ́n tó dà á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń yẹ wàrà wò, tó ń fi èsì hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ti wà. Bí wọ́n bá dà á pọ̀ tán, wàrà ẹnì kan lè ba ti gbogbo wa jẹ́, tàbí kí tiwa bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tó burú jù. Òfin Yúróòpù kò gbà kí a fi wàrà tó dára ṣe àdàpọ̀ fún èyí tí kò yege. Ẹ fi irú òfin bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ fún wa.

Ẹni tí wàrà rẹ̀ kò bá sì yege, ẹ má ṣe ti agbo rẹ̀ pa títí láé. Bí ó bá pààrọ̀ oúnjẹ, M1 máa ń lọ kúrò nínú wàrà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí ó dúró, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní àwọn ọjọ́ náà, ẹ ràn án lọ́wọ́ láti rí oúnjẹ mímọ́ fún ẹran rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa màlúù rẹ̀, tí wàrà sì ń ṣòfò lójú rẹ̀, ni yóò gba ẹ̀yìnkùlé tà á ní òru, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò sì mu ún.

Àwa náà ti fẹnu kò. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé wàrà tí kò yege lọ sọ́jà, ẹgbẹ́ kò ní gbèjà rẹ̀. Olúkúlùkù yóò máa kọ ibi tó ti ra oúnjẹ ẹran àti ọjọ́ tó rà á sílẹ̀, kí ẹ lè tọpa rẹ̀. A tọrọ àyè láti wá rí yín kí ìkórè tó ń bọ̀ tó wọ àká.

Tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́