Lẹ́tà sí Àbẹ̀ní, láti ojú ọ̀nà gúúsù

Ẹ̀bá ìlú Savannah, Georgia,
Inú oṣù kọkànlá.

Àbẹ̀ní mi,

Ọ̀rọ̀ ti dé Ọ̀yọ́ o. Ọmọ àbúrò Bàbá Kúnlé kan ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun lòun sọ. Wọ́n ti lọ sọ fún Màmá Akẹ̀sán pé a ti ta ilé, pé inú mọ́tò ni èmi àti àbúrò wọn ń sùn kiri Amẹ́ríkà. Àbẹ̀ní, Màmá sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn ò jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ránṣẹ́ pe gbogbo ẹbí pé kí oníkálukú mú owó wá, kí wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ká máa bọ̀ wálé. Owó èlùbọ́ tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ẹni ọdún 84!

Bàbá Kúnlé ò tíì gbọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n wọn ń gbowó kiri agboolé nítorí wọn, o mọ̀ wọ́n, wọn ò ní bínú síta. Wọ́n á kàn dákẹ́ ni. Ìdákẹ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ ò jìnnà sí wa. A lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Maryland nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó bi mí pé ilé wo la kó lọ. Mo nawọ́ sí RV wa, ọkọ̀ ńlá tó ní ilé nínú, níbi tí a gbé e sí, mo ní ilé ọ̀hún nìyẹn, máa bọ̀ wá wò ó. Ó gòkè wá, ó jókòó sórí àga mi, ó mu omi mi, ó ní ó dára púpọ̀. Ẹni ọ̀rọ̀ gèlè Mọ́kọ́lá yẹn náà ni. Kò tíì yí padà.

Kí wá ni àìrílégbé nínú èyí, Àbẹ̀ní? Yàrá wà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀dì wa wà níbẹ̀. Kíṣìnnì wà, balùwẹ̀ wà, fíríìjì náà sì ń lo gáàsì níbi tí kò bá sí iná. Bí a bá gúnlẹ̀, Bàbá Kúnlé á tẹ bọ́tìnnì kan, ògiri ẹ̀gbẹ́ á rọra yọ síta, pálọ̀ á fẹ̀. Táńkì mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀: ti omi tó mọ́, ti omi ìwẹ̀ àti omi àwo, àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá Kúnlé ló ń da ìdọ̀tí nù. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú, wọ́n á wá tú omi ìwẹ̀ tẹ̀lé e kí ó lè fọ inú rọ́bà náà mọ́. Ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, orin lẹ́nu. Ọkùnrin tí kì í gbé àwo tó jẹun kúrò nílẹ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra! Mo máa ń dúró lójú fèrèsé wò wọ́n, inú mi á sì dùn.

Ebi kọ́ ló ní ká ta ilé. Owó orí ilé ń ga sí i lọ́dọọdún, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dun orúnkún mi, gbogbo yàrá àwọn ọmọ ló ṣófo. Mo fi òru tọ́jú aláìsàn ní orílẹ̀-èdè yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, láìmọ̀ ju ojú ọ̀nà ilé sí ọsibítù lọ. Mo fẹ́ rí ilẹ̀ tí mo ń san owó orí fún. Òun náà ni mò ń rí báyìí. Ìjọba àpapọ̀ tiẹ̀ ní káàdì kan fún àwa tí a ti pé ọdún 62 sókè: $80 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di ti ayérayé, ìdajì owó la sì ń san ní ọ̀pọ̀ ibùdó inú igbó ìjọba. Igbó Ocala ní Florida la ń lọ yìí, a ó sinmi níbẹ̀ di ọdún tuntun.

Òtútù la ń sá fún. Bí ó bá ti wálẹ̀ kọjá 32 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tibí, omi inú páìpù á dì, páìpù á bẹ́. Nítorí náà, bí ewé bá ti ń wọ́ báyìí, àwa àgbà inú ọkọ̀ á tò sójú ọ̀nà bíi lékeléke, ó di gúúsù. Ọ̀dọ̀ Kúnlé ní New Jersey la ti gbéra, a gba I-95, ọ̀nà márosẹ̀ tó wá sí gúúsù. (Ìyàwó Kúnlé ti lóyún o, ìkejì. Orúnkún mi sàn díẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ kú ní Houston, Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ wọn.)

Ní Baltimore, ọkọ̀ tó bá gbé gáàsì bíi tiwa ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà abẹ́ omi. Afárá Francis Scott Key ni irú wa ń gbà tẹ́lẹ̀, èyí tí ọkọ̀ òkun tó ń jẹ́ Dali kọlù lóru ọjọ́ 26, oṣù kẹta, ọdún 2024. Ó wó sínú omi, òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń tún ojú ọ̀nà ṣe lórí rẹ̀ ló bá a lọ. Ní báyìí, ìwọ̀ oòrùn ìlú la ní láti gbà yí po, lórí ọ̀nà 695. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a débẹ̀. Bọ́ọ̀dù tó ní kí ọkọ̀ gáàsì yà tóbi tó ilé, Àbẹ̀ní, Bàbá Kúnlé ò rí i. Èmi ni mo pariwo. Wọ́n yà á, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibi tí a sùn.

Ní South Carolina, a kúrò lórí 95 bọ́ sí ọ̀nà 17. Nítòsí Charleston, àwọn ìyá Gullah, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà, jókòó sẹ́bàá títì, wọ́n ń fi koríko hun agbọ̀n tà, iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn baba ńlá wọn gbé wá láti Áfíríkà. Mo ra ọ̀kan, ó wọ́n, mi ò sì kábàámọ̀. Lẹ́yìn náà la dé Ọ̀yọ́túnjí, abúlé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ń ṣe àṣà àti ẹ̀sìn Yorùbá, lẹ́bàá Sheldon. Ọkùnrin tí wọ́n bí ní Detroit, tí wọ́n sọ ní Walter King, tó padà di Ọba Adefunmi, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1970. O mọ̀ pé ọmọ ìjọ ni mí, mi ò bá wọn bọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin kan kúnlẹ̀, tó ní “Ẹ káàbọ̀, Bàbá,” fún ọmọ Ọ̀yọ́ gidi nínú igbó Amẹ́ríkà, omi bọ́ lójú Bàbá Kúnlé. Wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wọn. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò, kí n fi ránṣẹ́ sí Màmá Akẹ̀sán, pé inú Màmá á dùn. Mo yà á. Mi ò lè sọ fún wọn pé ẹkún ni Màmá ń sun lọ́wọ́.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wà nínú mi. Cataract, kùrukùru tó ń bo dígí inú ojú, ti bo ojú ọ̀tún Bàbá Kúnlé. Dókítà ti rí i, ó ní kí wọ́n wá ṣe é. Iṣẹ́ abẹ tí aláìsàn ń ṣe tí á sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà ni, Medicare tí a ń lò, ètò ìjọba tó ń bá àwa àgbà san owó ìwòsàn, sì ń bá wa dé gbogbo ìpínlẹ̀, nítorí náà owó kọ́ ni ìṣòro. Ẹ̀rù ni. Àwọn tó ń kiri ìlú láyé ọjọ́ọ̀sí, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti cataract sẹ́yìn nínú ojú, ló fọ́ ojú bàbá wọn pátápátá, Bàbá Kúnlé fúnra wọn ló sì ń fi ọ̀pá fa bàbá náà lọ sóko nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Mo ti fi ẹnu nọ́ọ̀sì bá wọn sọ̀rọ̀, mo fi ẹnu ìyàwó bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá ti ń ríran lọ́sàn-án, ó tó. Wọn ò sì fún mi ní ọkọ̀ wà, wọ́n ní ó ga jù fún mi, èmi tí mo ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lóru nínú yìnyín.

Jọ̀ọ́, bá mi lọ sí Ọ̀yọ́. Má pe Màmá lórí fóònù, etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́. Mo ti kó àwọn fọ́tò sórí WhatsApp rẹ: bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò àmàlà lórí iná, àti ti Ọ̀yọ́túnjí. Kí wọ́n rí i pé ara wa le, kí wọ́n dá owó olówó padà. Bí ó bá wá jọ lójú rẹ pé ọkàn wọn gbà á, sọ ọ̀rọ̀ ojú yìí fún wọn. Àwọn nìkan ló lè pàṣẹ fún àbúrò wọn. Bí ó bá sì jọ pé ọ̀rọ̀ bàbá wọn á tún ru ẹkún mìíràn, fi sílẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ pe Bàbá Kúnlé. Ìwọ lo gbé lẹ́tà wọn wá fún mi ní hósítẹ́ẹ̀lì, wọn ò kọ̀ sí alárinà lẹ́nu rí.

Aago mẹ́ta ọ̀sán tiyín ni kí o pè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni níbí, wọ́n á ti mu ògì tán. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára níbi tí a wà yìí, a ò sì ní kúrò títí di ọjọ́ Ẹtì. Mo ti fi owó ọkọ̀ sínú àkáǹtì rẹ, má bá mi jà. Má jẹ́ kí Bàbá Kúnlé mọ̀ pé èmi ni mo rán ọ.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ.