Mojí, ẹ kọ́kọ́ ka ilé tí omi wọ̀

Edinburgh,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà.

Mojí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí n tó sùn. O ní omi tún wọ ilé àwọn ará ìjọ yín tó wà létí odò, ìgbìmọ̀ ìjọ sì ń bá ara wọn jiyàn: àwọn kan ní kí ìjọ kọ̀wé sí ìjọba, àwọn kan ní àdúrà ni iṣẹ́ ìjọ. O ní kí n sọ bí àwọn Presbiteríà, ìjọ tí àwọn alàgbà ń darí láìní bíṣọ́ọ̀bù, tí mò ń bá jọ́sìn níbí ṣe ń ṣe tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ tán lórí fóònù, ìyẹn ni mo fi jókòó kọ ọ́.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù Karùn-ún, Ṣọ́ọ̀ṣì Skọ́tlándì, ìjọ Presbiteríà ilẹ̀ yìí, máa ń ṣe Àpéjọ Àgbà ní gbọ̀ngàn wọn ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní the Mound, láàárín ìlú níbí. Ọba máa ń rán aṣojú wá. Wọ́n á dìde fún un, wọ́n á bọ̀wọ̀ fún un dáadáa. Ṣùgbọ́n òkè ni àga rẹ̀ wà, níbi tí kò ní ọ̀nà tó gbà wọ àárín àpéjọ. Ó máa ń kí wọn, ṣùgbọ́n kò ní ìbò, kò sì gbọdọ̀ dá sí àríyànjiyàn wọn. Èmi náà jókòó síbi àwọn àlejò lọ́dún tó kọjá, ojú mi kò kúrò lára àga yẹn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ọba sọ̀rọ̀ báyìí. Ní 1596, àlùfáà wọn kan, Andrew Melville, di apá ẹ̀wù James, ọba Skọ́tlándì, mú ní ààfin Falkland, ó ní ọba méjì ló wà ní Skọ́tlándì, àti pé nínú ìjọba Kristi, ọmọ ìjọ lásán ni James, kì í ṣe olórí. Apá ẹ̀wù ọba, Mojí!

Ìtàn tí mo fẹ́ kí o sọ fún ìgbìmọ̀ yín gan-an ni ti Màláwì. Nyasaland ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Ní oṣù Kẹta 1959, ìjọba amúnisìn kéde òfin pàjáwìrì níbẹ̀, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 1,000 sí àtìmọ́lé, Dókítà Hastings Banda, aṣáájú àwọn tó ń jà fún òmìnira, sì wà nínú wọn. Alàgbà ni Banda jẹ́ nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Skọ́tlándì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, George MacLeod, àlùfáà wọn kan, dìde ní Àpéjọ, ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbẹnu sọ fún ọmọ Áfíríkà, àti pé Àpéjọ yìí ni yóò ṣe é. Àpéjọ sì fọwọ́ sí i. Màláwì gba òmìnira ní 1964, Banda di olórí. Ní 1971 ó di ààrẹ títí ayé, ó sì di pé ẹ̀rù ń ba èèyàn láti sọ̀rọ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1992 àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ibẹ̀ kọ lẹ́tà tó bá ìjọba rẹ̀ wí, wọ́n sì kà á sétí ìjọ. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, àwọn Presbiteríà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn tó kárí ayé, kọ tiwọn sí Banda fúnra rẹ̀. Alàgbà wọn ni o! Lọ́dún 1993 aráàlú dìbò pé àwọn kò fẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo mọ́, nígbà tó sì di 1994, Banda kò wọlé.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì tí o ní olóṣèlú kan fẹ́ fi ta ìjọ yín lọ́rẹ kò fi jẹ́ kí n sùn. Mojí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Tí ẹ bá ti wà nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀, ta ni yóò gbé ọ̀rọ̀ omi lọ bá a?

Ní ti bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, kò ní ariwo. Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, alàgbà ni wọ́n. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí a bá ń pín oúnjẹ, wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ búlúù: èèyàn mélòó ló wá, ọmọdé mélòó, kí ló gbé wọn wá. Wọn kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìwé náà kún, a lọ bá aṣòfin àdúgbò wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ àdúrà lọ́wọ́ wa. Ìyá àgbà yẹn ṣí ìwé lé orúnkún, wọ́n fi ìka lé ìlà kan: èèyàn 21 lọ́sẹ̀ yẹn, 9 nínú wọn ló níṣẹ́ lọ́wọ́. Aṣòfin dákẹ́, ó wá bíròó rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣọ́ọ̀ṣì Skọ́tlándì ṣe ní 1988 nígbà tí Margaret Thatcher, olórí ìjọba Bìrìtéènì nígbà náà, wá bá Àpéjọ sọ̀rọ̀, tó ń fa ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù yọ pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun. Wọ́n gbọ́ ọ tán, James Whyte tó ṣe Módérétọ̀, ìyẹn alága Àpéjọ, lọ́dún náà sì fi ìwé méjì tí ìjọ ti kọ lé e lọ́wọ́, lórí òṣì àti lórí ilé gbígbé.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ ka ilé. Mélòó ni omi wọ̀? Ibo ló dé lára ògiri? Gọ́tà wo ló dí, láti ìgbà wo? Ẹ má ka ti ọmọ ìjọ nìkan, ẹ lọ bá lémọ́ọ̀mù àdúgbò, torí omi wọ ilé tiwọn náà, kí ẹ sì jẹ́ kí Mọ́gàjí gbọ́ sí i. Màmá fojú rí Omíyalé 1980, ìkún omi odò Ògùnpa ní Ìbàdàn, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ, kí o kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́.

Fi ohun tí ẹ bá kọ ránṣẹ́ sí mi kí ó tó di Sátidé. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí, àárọ̀ ni n óò kà á. Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé òróró orúnkún tí wọ́n ní kí n rà ti wà nílẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Fọláṣadé